Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Àmì EXIT tó ní iná pàjáwìrì lára

Bí iná bá lọ lójijì ní plaza yín, tí èéfín sì ti bo àtẹ̀gùn, kí ló máa fi ọ̀nà han oníbàárà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé?

Ẹ má ní jẹnẹrétọ̀ wà o. Bó bá jẹ́ wáyà ló ń jóná, jẹnẹrétọ̀ yẹn gan-an la máa kọ́kọ́ pa.

1. Àpótí kan ṣoṣo ni àmì yìí: EXIT láàárín, gílóòbù méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, bátìrì kan nínú. Àmì ń tàn ní gbogbo ìgbà. Gílóòbù ń tàn bí iná bá lọ. Torí pé inú àpótí kan ni gbogbo wọn wà, owó wáyà á dín kù.

2. Bátìrì ni kẹ́ ẹ wò dáadáa. Ìlànà ààbò NFPA 101 ti Amẹ́ríkà ní kí iná pàjáwìrì tàn fún ìṣẹ́jú 90, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, iná lè lọ láàárọ̀, kó tún lọ nírọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ó lè gba bátìrì tó ti tán ní wákàtí 24 kó tó kún padà. Èyí tó ń tàn fún wákàtí mẹ́ta ni kẹ́ ẹ rà.

3. Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì ìdánwò lóṣooṣù fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Bí gílóòbù bá ṣe bàìbàì, ẹ pààrọ̀ bátìrì.

4. Ó máa ń dùn wá bí a bá rí EXIT tó ń tàn yòò lókè ilẹ̀kùn tí wọ́n fi àgádágodo tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i!

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ilé tẹ́ ẹ ti ń tajà. Tibi iṣẹ́ yín ńkọ́, ṣé ó ń tàn bí iná bá lọ?