Ṣé O Mọ̀? Ẹni Tí Ó Ń Lo Idà Ní Olùkọ́

Ṣé o mọ̀ pé ní Ìbìní, tí ìtàn àwa Ìkálẹ̀ tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun ìdílé ọba wa, àwọn ìjòyè a máa fi idà jó níwájú Ọba? Eben ni wọ́n ń pe idà náà. Ojú rẹ̀ fẹ̀, wọ́n sì dá ihò ọnà sí i lára. Ìjòyè yóò fì í, yóò yí i bírí, yóò sọ ọ́ sókè, yóò sì hán an bí ìlù ti ń dún. Ẹ̀tẹ́ ni bí ó bá já bọ́. Ọwọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ kò lè dán irú rẹ̀ wò.

Ní Ọ̀wọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí, wọn a máa fi eyín erin gbẹ́ idà oyè láyé àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní udamalore.

Ṣé o mọ̀ pé Ìbàdàn ni Ògèdèǹgbé, jagunjagun Ìjẹ̀ṣà, ti kọ́ṣẹ́ ogun? Wọ́n mú un lẹ́rú lọ síbẹ̀ ni. Agboolé balógun ni ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà: ọmọdé a tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ lọ sógun, a sì máa wò ó. Nígbà Ogun Kírìjì, òun ni ó wá ṣáájú ogun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kọjú sí Ìbàdàn kan náà, títí dìgbà àdéhùn 1886.

Àdá tí à ń gbé lọ sóko ọ̀pẹ ńkọ́? Ní Haiti, níbi tí wọ́n ti ń bọ Ògún títí dòní, wọ́n ń kọ́ bí a ti ń fi àdá jà. Tire machèt ni wọ́n ń pè é. Igi ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń lò. Alfred Avril, àgbẹ̀ tí a ya fíìmù Papa Machete nípa rẹ̀ ní 2014, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ.

Ìwé ìjà idà kan tún wà ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n kọ ní Jámánì ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn. Àlùfáà ni olùkọ́ inú rẹ̀. Obìnrin kan, Walpurgis, sì gbé idà lápá ìparí. Inú ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó òde òní ti ń wá ìjà àtijọ́ wọn, nítorí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ti kú tán.

Tiwa kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Bí àgbà kan bá wà ní Ìlútítun, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, tí ó mọ bí a ti ń fi idà jó, tọ̀ ọ́ lọ, kí o gbààyè, kí o fi fóònù gba ẹsẹ̀, ọwọ́ àti ìlù rẹ̀ sílẹ̀. Bi í pé ta ni ó kọ́ ọ. Lọ kí ọdún tó parí.