Ṣé Òótọ́ Ni Pé Ohùn Sípíkà Tuntun Máa Ń Dùn Sí I Bó Bá Pẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kan gbogbo ẹni tó ń fi ẹ̀rọ orin ṣòwò, yálà ẹ ń tà á ni, tàbí ẹ ń gbé e lọ sóde àríyá fún owó.

Ọ̀kan nínú wa yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó fi ra sípíkà ńlá méjì. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tàn wọ́n, ohùn ọ̀kan há bí ohùn ẹni tó ké mọ́jú. Ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún un. Ìyẹn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bẹ̀rù, tuntun ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ lò ó fún oṣù kan, ohùn rẹ̀ á là." Ó lò ó fún oṣù kan, kò là. Nígbà tó padà lọ, wọ́n fi rísíìtì hàn án: ọjọ́ 14 péré ni àyè ìdápadà. Gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, sípíkà kan ṣoṣo ló sì ń ṣiṣẹ́. Ìdí rèé tí a fi wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Kí ló wà nínú sípíkà? Ọ̀nà tí Chester Rice àti Edward Kellogg gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1925 ni èyí tó pọ̀ jù ṣì ń tẹ̀ lé. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n wé róbótó wà ní ìdí abọ́ bébà, wọ́n sì kì í bọ àárín òòfà. Bí iná bá ń gba inú wáyà kọjá, òòfà á máa tì í síwájú, á máa fà á sẹ́yìn. Abọ́ náà á máa ti afẹ́fẹ́, ohun tí etí wa ń gbọ́ nìyẹn. Aṣọ kan tí wọ́n ṣẹ́ po, tí wọ́n fi oje mú gan, ló ń di wáyà náà mú sí àárín.

Ibí yìí ni òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn ontajà. Aṣọ yìí máa ń le ní tuntun, ó sì máa ń rọ̀ díẹ̀ bí abọ́ ti ń lọ tó ń bọ̀, bí bàtà tuntun ṣe ń rọ̀. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ń fi í hàn, pàápàá nínú ohùn ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ oṣù kan. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan sí wákàtí díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rírọ̀ náà ti parí. Bí wọ́n bá sì ti kàn án mọ́ àpótí tó dé pa, afẹ́fẹ́ inú àpótí ń ta abọ́ náà padà bí sípíríìnì, nítorí náà rírọ̀ aṣọ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ohùn padà.

Ampílífáyà ńkọ́? Kò sí ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀ tí yóò rọ̀. Ti àtijọ́, tó ní ìgò tó ń pọ́n bí iná, nílò ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó gbóná, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni, àti tuntun àti ògbólógbòó. Wáyà tí a fi so wọ́n pọ̀ kò sì mọ̀ bóyá ọjọ́ kan tàbí ọdún kan ni òun ti ṣiṣẹ́.

Kí ló dé tí àwọn èèyàn fi ń búra pé ohùn dùn sí i? Etí ni. Ẹni tó kó dé ẹ̀gbẹ́ ilé ọlọ ata kì í rójú sùn lọ́sàn-án ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bó bá di oṣù kejì, kò ka ariwo náà sí mọ́. Ẹ̀rọ ọlọ kò yí padà, ó ti mọ́ ọn létí ni. Kò sì sí ẹni tó lè fi ohùn òní wé ti oṣù tó kọjá dáadáa, nítorí etí kì í pẹ́ gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ohùn tó há yàtọ̀ sí ohùn tuntun. Wáyà tó ń ha ara òòfà, abọ́ tó ya, àtè tó tú, lílò kì í wò wọ́n sàn. Ńṣe ni yóò máa burú sí i. Nítorí náà:

1. Ẹ tan ẹ̀rọ níwájú ẹni tó ń tà á, pẹ̀lú orin tí ẹ mọ̀ dáadáa. Ẹ gbọ́ ọ ní jẹ́jẹ́ ná, kí ẹ tó gbé e sókè.

2. Bí ọ̀kan bá há, ẹ pa iná, ẹ yọ wáyà lẹ́yìn sípíkà méjèèjì, kí ẹ fi ti ọ̀tún sí òsì, ti òsì sí ọ̀tún. Bí èyí tó há tẹ́lẹ̀ bá ṣì há, òun gan-an ló bàjẹ́. Bí híhá bá bọ́ sínú èkejì, ampílífáyà tàbí wáyà ni kí ẹ yẹ̀ wò.

3. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lò ó fún oṣù kan, ẹ ní kí wọ́n kọ oṣù kan àbọ̀ ìdápadà sínú rísíìtì. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á náà, bí ọ̀rọ̀ yín bá dá yín lójú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ti fún ọmọ ẹgbẹ́ wa yìí ní oṣù mẹ́ta sí i láti san gbèsè rẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá fẹ́ yáwó ra ẹ̀rọ orin yóò kọ́kọ́ mú ìwé wá tó ní ọjọ́ ìdápadà nínú.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń jiyàn, kò burú. Kí ó gbé sípíkà kan tó ti lò wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, pẹ̀lú irú rẹ̀ gan-an tó ṣì wà nínú páálí. A ó fi aṣọ bò wọ́n, a ó mú ohùn wọn dọ́gba, torí pé èyí tó bá ròkè díẹ̀ ni etí máa ń rò pé ó dùn jù. A ó tàn wọ́n nígbà 10, kí ó sọ èyí tó jẹ́ ti àtijọ́. Ẹni tó bá gba 5 kò sàn ju ẹni tó ń ju owó ẹyọ sókè lọ. Ẹni tó bá gba gbogbo mẹ́wàá, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé yìí lóṣù tó ń bọ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́