Ìbọn Yínyìn ní Pápá Ìdánrawò: Mélòó ni Ó Tó?

Ó ti pẹ́ tí ọ̀ràn yìí ti ń jẹ wá lọ́kàn, ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí lẹ́yìn ìlú Èrúwà ní ọjọ́ Sátidé kan ni ó mú wa gbé kálámù wàyí. Láti agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ni ìró ìbọn ti ń wá láti ìhà oko, tí ó ń dún léraléra bí ẹni pé wọ́n ń sìnkú àgbà ọdẹ. Àwọn tí ń ná ọjà dákẹ́; ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ igbá rẹ̀ mọ́. Nígbà tí a wádìí, a gbọ́ pé kì í ṣe ogun, kì í sì í ṣe òkú: àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ sílẹ̀ láti máa bá àwọn ọdẹ ṣọ́ ìlú ni wọ́n ń kọ́ ìbọn. A dìde, a lọ wò wọ́n.

Kò sí ará Ìbàràpá tí yóò béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ní oṣù kìíní ọdún 2020 ni a ṣí ẹgbẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni àwọn apànìyàn wọ Ìgàngàn lóru, tí wọ́n pa ènìyàn tí wọ́n sì fi iná sí dúkìá. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọwọ́ tí kò mọ̀ ju ọkọ́ àti àdá lọ ti kọ́ bí a ti ń di ìbọn mú. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nítorí pé ó kọ́ ọ. Bí wọ́n ti ń kọ́ ọ ni a ní ọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ẹni tí ó tasé lóru lè pa ará ilé rẹ̀.

Wọ́n gbé pátákó kan ró sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì ilẹ̀, wọ́n fi ẹfun ya òbìrípo sí i, wọ́n sì dúró bí ogójì ìṣísẹ̀ sí i. Ọmọkùnrin kan tí a ń ṣọ́ yin mẹ́ta àkọ́kọ́, méjì ba pátákó dáadáa. Inú wa dùn. Nígbà tí oòrùn fi máa dé àtàrí, ọmọ náà kan náà ti ń di ojú rẹ̀ méjèèjì kí ìbọn tó dún. Èjìká rẹ̀ ti wú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, nínú mẹ́fà tí ó yìn gbẹ̀yìn, ọ̀kan kò kan igi. A bi í léèrè ìdí tí kò fi sinmi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀tù ṣì kù. Wọ́n ní kí a yìn ín tán.”

Àgbà ọdẹ kan tí ó jókòó sábẹ́ igi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó gba ìbọn náà, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó fi ọ̀pá gún inú rẹ̀ bí ẹni ń kì í, ó sì dá a padà: “Ọmọ mi, yin ọ̀kan yìí fún mi.” Ọmọ náà fojú sun pátákó, ó fà á. Ìbọn kò dún, nítorí pé bàbá náà kò fi ohunkóhun sí i. Ṣùgbọ́n gbogbo wa rí i pé ẹnu ìbọn fò wálẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, èjìká ọmọ náà sì sún sẹ́yìn, tí ó ń sá fún ìgbálù tí kò sí níbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Bàbá ní, “Láti agogo mẹ́wàá ni o ti ń kọ́ èyí. O sì ti mọ̀ ọ́n.”

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ara ènìyàn kì í ya ìdánrawò rere sọ́tọ̀ kúrò lára búburú. Ohun tí a bá ṣe léraléra ni ó ń gbà. Ẹni tí ó yin mẹ́wàá pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, tí ó sì tún yin ogójì pẹ̀lú ìbẹ̀rù àti àárẹ̀, ìbẹ̀rù ni ó fi ọ̀nà mẹ́rin kọ́ ju ìfarabalẹ̀ lọ.

Ìbọn pàápàá ń sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún wa, bí a bá fẹ́ gbọ́. Ẹni tí ó bá ti ki ṣakabùlà rí mọ̀ pé ẹ̀tù ni a ó kọ́kọ́ dà, a ó fi ihá dí i, a ó gún un mọ́lẹ̀, ọta yóò tẹ̀lé e, a ó sì tún dí i. Ẹ̀tù dúdú a máa fi ẹ̀gbin sílẹ̀ nínú irin, tí ó jẹ́ pé lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, ọ̀pá tí a fi ń gún un yóò bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ìgbà náà ni ó yẹ kí a fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ̀yinná sì lè fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá kánjú da ẹ̀tù lé e lórí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Kì í ṣe ìbọn nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ń kọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Baddeley àti Longman pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1978. Àwọn tí ń fi wákàtí kan kọ́ ọ lójúmọ́ mọ̀ ọ́n láàárín iye wákàtí tí ó kéré sí ti àwọn tí ń fi wákàtí mẹ́rin kọ́ ọ lójúmọ́. Òtítọ́ ni pé ọjọ́ wọn pọ̀ jù. Ẹni tí ogun ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lè máà ní ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n wà kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀ a máa yin ọta 15 ní ìṣẹ́jú kan sí àmì tí ó jìnnà ní 300 yáàdì. Ọta tí kò ní ẹ̀tù nínú wà lára ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọwọ́ wọn.

Ní tiwa, a rò pé fún ẹni tí ń lo ṣakabùlà, márùn-ún sí mẹ́wàá tó ní ìjókòó kan, kí ó má sì ju wákàtí kan lọ, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kí ó tó yin ọ̀kan, kí ó ti fi ìbọn òfìfo fojú sun àmì ní ogún ìgbà. Èyí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Àwọn tí ń lo ìbọn ìgbàlódé lè yin ogún tàbí ọgbọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọta bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká lójú pátákó, ìdánrawò ti parí, ìbáà ṣe pé mẹ́rin péré ni a tíì yìn.

Àwọn kan sọ fún wa pé ọ̀tá kì í dúró kí a sinmi, nítorí náà ó yẹ kí ọdẹ mọ bí a ti ń yìnbọn pẹ̀lú àárẹ̀. A gbà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n yan ọjọ́ kan lóṣù, kí wọ́n sáré títí èémí yóò fi gbó wọn, kí wọ́n sì yin mẹ́ta. Èyí yàtọ̀ sí kí a máa yìn títí tí àárẹ̀ yóò fi bá wa lójijì.

Ti etí ńkọ́? Ogun tí àwọn baba wa jà láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, tí a fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, Kírìjì ni wọ́n sọ ọ́, láti inú bí ìbọn ti ń dún. A kò gbọ́ iye àwọn tí ó di adití nínú wọn. Ìró ìbọn kan ṣoṣo lè ba etí jẹ́, etí tí ó bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sàn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni etí ni ọdẹ fi ń ṣọ́ òru kí ojú rẹ̀ tó rí ohunkóhun. Kí wọ́n ra ohun ìdití, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń lò. Kí wọ́n sì fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun, nítorí májèlé ni òjé tí a fi ń ṣe ọta. Kí wọ́n rán agogo yí ìlú ká ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ lè tajà rẹ̀ ní àlàáfíà. Ti ìwé àṣẹ, òfin ìbọn ti 1959 kò yọ ṣakabùlà sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Túsìdé tí ó tẹ̀lé e, a tún gbọ́ ìró ìbọn láti ìhà oko náà. A ń kà á. Ọmọkùnrin mẹ́fà ni wọ́n. Ọgbọ̀n ìró ni a kà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú àlàfo gígùn láàárín wọn, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Kò tíì pé wákàtí kan.