ÌJÀǸBÁ ỌKỌ̀: KÁDÀRÁ NI, ṢÙGBỌ́N Ẹ̀TỌ́ Ń BẸ NÍBẸ̀

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Máfolúkù, ọ̀nà ni ó yí i ká. Ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ń bẹ ní apá kan, òpópónà Òṣòdì sí Àpápá ń bẹ ní apá kejì, ojú irin rélùwéè kò sì jìnnà sí wa. Díẹ̀ ni ọmọ tí yóò dé ilé-kéwú láìsọdá títì.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, “Àmúwá Ọlọ́hun ni.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti fi ọ̀rọ̀ yìí sọ ẹ̀tọ́ ara rẹ̀ nù. Bàbá kú, àwọn ọmọ kúrò ní ilé-ìwé; ọmọ dá lẹ́sẹ̀, ìyá ta ẹrù ọjà rẹ̀ tọ́jú rẹ̀; ẹni tí ó fi ọkọ̀ gbá wọn sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi mú gègé.

KÍ NI Ẹ̀SÌN SỌ?

Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó bá ṣèèṣì pa ènìyàn nínú Súrátù Nisái, áyà 92. Ẹ kíyè sí i pé èèṣì ni à ń wí, kì í ṣe amọ̀ọ́mọ̀ṣe. Síbẹ̀, wọn kò ní kí ẹni náà sọ pé kádàrá ni, kí ó sì máa lọ. Ìtánràn ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ níwájú Ọlọ́hun, owó ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní díyà sì tọ́ sí àwọn ará ilé òkú, àfi tí wọ́n bá fi ṣe sàráà. Ìdáríjì dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ ni ó lè yọ̀ǹda rẹ̀. A kì í fi ohun tí a kò mọ̀ pé ó jẹ́ tiwa ta ènìyàn lọ́rẹ.

Àwọn onímọ̀ tún sọ pé nínú èèṣì, kì í ṣe ẹni tí ó ṣe é nìkan ni yóò dá díyà san. Àwọn ẹbí rẹ̀ lọ́kùnrin, tí à ń pè ní áákílà, ni yóò dá a jọ. Ẹni tí ó bá mọ èyí, kò níí ṣòro fún un láti mọ ohun tí ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ wà fún. N kò sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, àwọn aáfà ní ọ̀rọ̀ tiwọn lórí ìnṣọ́ránsì. Ohun tí mo ń sọ ni pé nínú méjèèjì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó pa owó pọ̀, kí ẹni tí ó fara pa má baà jìyà lásán.

Ilé-ẹjọ́ ìjọba ní Èkó kì í fi díyà dájọ́. Òfin ìlú ni wọ́n ń lò. Ẹ jẹ́ kí a wo òfin náà.

Ẹ̀KỌ́ TI ỌDÚN 2023

Ní ọjọ́ 9, oṣù kẹta, ọdún 2023, bọ́ọ̀sì kan kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó láti Ìsọlọ̀ ń lọ sí Aláùsá. Nígbà tí ó fẹ́ kọjá ojú irin ní PWD, ní ẹ̀bá Ṣógúnlẹ̀, rélùwéè gbá a. Ó kéré tán, ènìyàn 6 ni ó kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa. Ọkọ̀ àwọn ará àdúgbò wa ni. Kí Ọlọ́hun ṣàánú àwọn tí ó lọ.

Ẹ má rò pé ẹjọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú awakọ̀ nìkan ni irú nǹkan báyìí ń bí. Ẹjọ́ tí ìjọba bá pe awakọ̀, ìjìyà ni ó ń wá. Ẹjọ́ tí ẹni tí ó fara pa bá pè, owó gbà-má-bínú ni ó wà fún. Ọ̀tọ̀ ni èkíní, ọ̀tọ̀ ni èkejì.

Nínú ẹjọ́ ti owó gbà-má-bínú, nǹkan mẹ́ta ni ilé-ẹjọ́ ń wò. Èkíní, ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹni náà ṣọ́ra fún ọ? Gbogbo awakọ̀ ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra fún ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà. Èkejì, ǹjẹ́ ó kùnà, bóyá ó sáré àsápajúdé tàbí ó wa ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì? Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ ìkùnà náà ni ó fa ìpalára rẹ? Bí awakọ̀ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá tí ó gbà á síṣẹ́ náà yóò dáhùn. Ṣùgbọ́n bí ìwọ náà bá fi afárá ẹlẹ́sẹ̀ Òṣòdì sílẹ̀ tí o sáré já títì, ilé-ẹjọ́ lè dín owó rẹ kù.

Ti òṣìṣẹ́ tún yàtọ̀. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 kò mọ sí inú ọgbà iṣẹ́ nìkan. Ó kan ìjàǹbá tí ó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà láti ilé sí ibi iṣẹ́. Láàrin ọjọ́ 14 ni kí a sọ fún ọ̀gá, kí a sì béèrè owó náà láàrin ọdún kan. Àjọ NSITF ni ó ń bójú tó o.

ÀKÓKÒ KÌ Í DÚRÓ DE ẸNIKẸ́NI

Ká sọ pé dánfó gbá ọmọ kan. Àwọn oní-dánfó gbé owó díẹ̀ wá, wọ́n ní kí bàbá fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bàbá fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ni dókítà wá sọ pé àfi kí wọ́n tún ẹsẹ̀ náà ṣe. Bàbá yìí ti há sí ọ̀nà méjì. Ìwé tí ó fọwọ́ sí ń bẹ lọ́wọ́ wọn, ọdún mẹ́ta tí òfin Èkó fún ẹni tí ó fara pa láti pe ẹjọ́ sì lè ti kọjá. Ọdún mẹ́ta náà ni fún ẹbí ẹni tí ó kú. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó ṣe é lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, òfin kan ń bẹ tí ó dín in kù sí oṣù mẹ́ta péré.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

1. Ẹ̀mí ni kí a kọ́kọ́ wá. Òfin ìlera ti ọdún 2014 kò gba ilé ìwòsàn kankan láyè láti kọ ẹni tí ó wà nínú pàjáwìrì, bóyá owó wà tàbí kò sí. Ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́ lè san ₦100,000 tàbí kí ó fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura, tàbí méjèèjì.

2. Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀, àti orúkọ awakọ̀ àti ti àwọn ẹlẹ́rìí. Ẹ má ṣe na awakọ̀, ẹ má sì ṣe dáná sun ọkọ̀. Ẹ̀rí ni ẹ ń sun.

3. Ẹ fi tó ọlọ́pàá tàbí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó létí, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ wọn.

4. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì, ìwé dókítà àti fọ́tò.

5. Ẹ béèrè ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ náà. Láti òfin ọdún 1945 ni ó ti di dandan, kí ẹni tí ọkọ̀ bá ṣe léṣe lè rí owó gbà.

6. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé kankan kí lọ́yà tó kà á. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, kí ó lọ sí Legal Aid Council, tí ó ti wà láti ọdún 1976, tàbí ọ́fíìsì Public Defender ti ìjọba Èkó. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń bá tálákà ro ẹjọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ka èyí fún àwọn òbí yín tí kò lè kà á. Bí a bá ti mọ ẹ̀tọ́ wa tán, tí a bá wá fẹ́ dárí jì, ìdáríjì gidi nìyẹn, èrè rẹ̀ sì ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a rí ìjàǹbá, kí ó sì máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ àwọn ọmọ wa. Àmín.