Ẹ Fi Fóònù Kọ Gbèsè Sílẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìmọ́tà, bí oníbàárà bá kó pákí lọ láwìn, ta ló ń rántí iye rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta? Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ètò àkọsílẹ̀ báyìí. AppSheet, tí Google rà ní 2020, wà fún un.

1. Ẹ la ìlà sínú Google Sheets: ọjọ́, orúkọ, ìwọ̀n, owó tó san, gbèsè.
2. Ẹ jẹ́ kí AppSheet sọ ọ́ di ètò.
3. Ẹ kọ́kọ́ ṣí i níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, kí ẹ tó gbé e lọ oko.
4. Tí ẹ bá dé ilé, ẹ tẹ Sync kó lè fi iṣẹ́ ọjọ́ náà ránṣẹ́.

Àkọsílẹ̀ kì í gbàgbé.