Ẹyẹ Àlejò ní Boribana

Ní ìlú Abidjan, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, àdúgbò kan wà létí ọ̀sà, ní ìhà Attécoubé, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Boribana. Èdè Dioula ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé, "Eré sísá ti parí." Àwọn tí agbára wọn kò ká ilé olówó ńlá àárín ìlú ni wọ́n fi pákó àti páànù kọ́ ilé síbẹ̀, tí wọ́n sì fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé.

Ibẹ̀ ni mo dé sí ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí mo lọ wo bí àwọn ọmọ Yorùbá ṣe ń gbé ní ìlú náà. Anango ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wá. Àwọn ọmọ Ejigbo, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, pọ̀ gidigidi nínú wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rin ọ̀nà yìí, débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì ní ọjà Ejigbo. Ìyá kan, ọmọ Ejigbo, tí ń ta aṣọ ní ọjà Adjamé, ni ó gbà mí sí ilé rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò òru, ọmọkùnrin ìyá náà, tí kò ju ọmọ ọdún 11 lọ, sáré wọlé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá wo nǹkan!" Ẹyẹ kékeré kan ni ó bà sórí okùn tí a ń sá aṣọ sí. Ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, iwájú orí rẹ̀ dàbí ìyeyè tí ó pọ́n, ìlà dúdú wẹ́wẹ́ sì kún ẹ̀yìn ọrùn àti apá rẹ̀. Ó wú ìyẹ́ rẹ̀ bí òwú, ó ń di ojú, kò sì sá fún ènìyàn.

Kí a tó ṣẹ́jú, àwọn aládùúgbò ti pé. Ọ̀kan ní kí a tà á. Òmíràn ní, "Ẹ jẹ́ kí ó máa lọ. Ọlọ́run kò dá ẹyẹ fún ìdè." Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lọ́kàn, nítorí ta ni nínú wa, àwa ọmọ Áfíríkà, tí kò fẹ́ràn òmìnira? Ṣùgbọ́n ìyá onílé mi mi orí. Ó ní, "Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ó ti wá."

Àdúrà tí a máa ń gbà fún arìnrìn-àjò ni ìyá náà fi dáhùn, kò sì sí ìdáhùn tí ó tọ̀nà jù ú lọ.

IRÚ ẸYẸ TÍ Ó JẸ́

Mo ti gbé òkè òkun fún ẹ̀kọ́, mo sì ti rí irú ẹyẹ yìí nínú àgò ní ilé onílé, nítorí náà mo mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní budgerigar, àwọn Faransé sì ń pè é ní perruche. Ìbátan odídẹrẹ́ wa ni, ṣùgbọ́n ó kéré sí i púpọ̀. Èyí tí ó wà nínú igbó kò wúwo ju gíráàmù 30 sí 40 lọ. Ẹyin adìẹ kan wúwo jù ú lọ.

Ilẹ̀ Ọsirélíà ni orísun rẹ̀. Ní pápá gbígbẹ ibẹ̀, àwọn ẹyẹ wọ̀nyí a máa fò lọ́wọ̀ọ́wọ́ láti ibi kan dé ibòmíràn, wọn a máa wá ibi tí òjò ti rọ̀ tí koríko sì ti so èso. Ní ọdún 1805 ni onímọ̀ kan tí ń jẹ́ George Shaw kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé; ní ọdún 1840 ni John Gould mú un dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàyè. Láti ìgbà náà ni a ti ń sìn ín nínú àgò káàkiri ayé, tí a fi ń rí aláwọ̀ aró, funfun àti aláwọ̀ ìyeyè nínú wọn.

Nítorí náà, ẹyẹ orí okùn wa kò ti inú igbó Côte d'Ivoire wá. Inú àgò ẹnìkan ni ó ti jáde. A bí i sínú àgò, a sì fi ọwọ́ bọ́ ọ dàgbà. Kò mọ àwòdì, kò sì mọ ibi tí a ti ń wá oúnjẹ. Lóòótọ́, igbó Banco tí a sọ di ọgbà ìjọba ní ọdún 1953 kò jìnnà sí Boribana, ṣùgbọ́n igbó dúdú olójò ni èyí, kò jọ pápá gbígbẹ tí ẹ̀yà ẹyẹ yìí mọ̀. Bí a bá jẹ́ kí ó máa lọ, kì í ṣe òmìnira ni a fún un. Ikú ni a rán an lọ bá, àwa a sì máa yin ara wa pé a ṣe oore.

Ẹyẹ olókìkí pàápàá a máa ṣìnà. Winston Churchill, ẹni tí ó ti ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní ọ̀kan tí ń jẹ́ Toby. Ní nǹkan bí ọdún 1961, ó gba ojú fèrèsé ilé ìtura jáde ní Monte Carlo, a kò sì rí i mọ́. Bí ti ọkùnrin ńlá bẹ́ẹ̀ bá lè sọnù, ẹ má ṣe rò pé aláìbìkítà ni gbogbo ẹni tí ẹyẹ rẹ̀ bá sọnù.

BÍ A ṢE Ń MÚ UN

Aṣọ fífúyẹ́ ni a fi ń bò ó, a ó sì fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ gbé e. Ẹ má ṣe fún àyà rẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ẹyẹ kò ní irú iṣan tí ó pààlà sáàárín àyà àti ikùn wa, èyí tí ó ń bá wa mí. Àyà rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ máa lọ sókè sódò kí ó tó lè mí. Ẹni tí ó bá dì í mú gírígírí nítorí ìfẹ́ lè fi ìfẹ́ pa á.

Páálí tí a dá ihò sí lára, tí a tẹ́ aṣọ sínú rẹ̀, tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ gbé e sí ibi tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́, tí kò sí ariwo, tí oòrùn kò sì ta sí. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ adìẹ àti ẹyẹ mìíràn fún oṣù kan ó kéré tán, nítorí a kò mọ àrùn tí ó gbé wá. Àrùn kan wà tí ó lè ti ara ìdílé odídẹrẹ́ ran ènìyàn. Ní ọdún 1929 sí 1930 ni ó jà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nítorí àwọn ẹyẹ tí a kó láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ má ṣe fi ẹnu kan ẹnu rẹ̀, ẹ sì fi omi rin ìgbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó nù ún, kí eruku rẹ̀ má baà wọ imú. Bí ibà àti ikọ́ bá mú yín lẹ́yìn èyí, ẹ sọ fún dókítà pé ẹyẹ wà ní ilé.

ÀṢÌṢE MI

N kò sin ẹyẹ kan rí ju adìẹ lọ, ojú kò sì tì mí láti sọ àṣìṣe mi. A ra ọkà jéró ní ọjà Adjamé, a dà á sínú àwo kékeré, a sì gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹyẹ náà jẹun, inú wa dùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo wo àwo náà, mo rí i pé ó kún. Mo ní, "Ẹyẹ yìí kì í jẹun púpọ̀." Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè dúró dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni àwo ṣì kún.

Ìyá onílé mi ni ó gbé àwo náà, tí ó fi ẹnu fẹ́ ẹ bí ẹni tí ń fẹ́ ọkà. Ìyàngbò fò lọ, àwo sì ṣófo. Irú ẹyẹ yìí a máa bó èèpo hóró kọ̀ọ̀kan, a gbé inú rẹ̀ mì, a sì jẹ́ kí èèpo jábọ́ padà sínú àwo. Ebi ń pa ẹyẹ náà lójú àwo tí mo rò pé oúnjẹ kún inú rẹ̀. Gbogbo ẹ̀kọ́ òkè òkun mi kò fi èyí hàn mí; ìyá tí ó ti ń fẹ́ ọkà láti kékeré ni ó mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń fẹ́ àwo rẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

Hóró nìkan kò tó o. Ẹ máa fún un ní ẹ̀fọ́ tútù tí a fọ̀ mọ́ àti kárọ́ọ̀tì tí a rin. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fún un ní píà, nítorí májèlé ni fún un. Ẹ má ṣe fún un ní ṣokoléètì, kọfí, ọtí tàbí oúnjẹ oníyọ̀.

Èéfín náà jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. A ti kọ́kọ́ gbé e sí ẹ̀bá ibi tí a ti ń dín ẹja, àfi ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ya ẹnu. Ohun tí ó wọ inú afẹ́fẹ́ a máa tètè mú ẹyẹ ju ènìyàn lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń wa èédú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń gbé ẹyẹ kánárì wọ inú ihò ilẹ̀, kí ó lè kìlọ̀ fún wọn bí afẹ́fẹ́ olóró bá wà níbẹ̀. Ọdún 1986 ni ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, ẹ gbé ẹyẹ yín jìnnà sí èéfín èédú, oògùn ẹ̀fọn, àti ìkòkò òde òní tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀ mọ́ ọn, bí iná bá pọ̀ jù lábẹ́ rẹ̀.

Ní ti àgò, kí ó fẹ̀ ju kí ó ga lọ, nítorí ẹyẹ a máa fò síwá sẹ́yìn. Ẹ̀ka igi gúáfà tí kò dọ́gba ní ìpọn ni kí ó máa bà lé. Ní alẹ́, ẹ fi aṣọ bò ó kí ó lè sùn fún wákàtí 10 sí 12. Bí ẹ bá rí i tí ó wú ìyẹ́, tí ó ń sùn ní ọ̀sán, tí ìrù rẹ̀ ń mì bí ó ti ń mí, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ẹyẹ a máa fi àìsàn pamọ́ títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

TA NI Ó NI ÍN?

Òrùka irin kékeré kan wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà sì wà lára òrùka náà. A kọ ìwé ní èdè Faransé, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìsọ̀ àwọn aládùúgbò, a sì sọ fún àwọn ará ọjà. Ṣùgbọ́n a kò sọ̀rọ̀ òrùka fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wá, ó ní òun ni ó ni ẹyẹ. A bi í léèrè ohun tí ó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ. Ọgbọ́n yìí wúlò fún ẹnikẹ́ni tí ó bá rí ohun olóhun he.

Bí ó bá ṣe odídẹrẹ́ eléérú ti ilẹ̀ wa ni ẹ rí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún yàtọ̀. Ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tí a ṣe ní Johannesburg ní ọdún 2016 ti fòfin de títa èyí tí a mú nínú igbó láti ilẹ̀ kan sí òmíràn; ẹ fi tó ìjọba létí.

Oṣù kan kọjá, olówó ẹyẹ kò wá. Ọmọ náà sì ti ń kọ́ sùúrù. Yóò ki ọwọ́ sínú àgò, yóò sì dúró láìmira. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ní ọjọ́ kẹwàá, ẹyẹ náà jẹ jéró ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Awọ orí imú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró, èyí tí ó fi hàn pé akọ ni, akọ ni ó sì máa ń sọ̀rọ̀ jù. Puck, ọ̀kan nínú wọn ní Amẹ́ríkà, tí ó kú ní ọdún 1994, mọ ọ̀rọ̀ 1,728. Ti Boribana kò tíì sọ Yorùbá nígbà tí mo kúrò níbẹ̀. Súfèé ọmọ náà nìkan ni ó kọ́. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ọlọ́wọ̀ọ́ ni, kò fẹ́ dá wà. Ẹni tí kò bá ráyè bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kí ó wá ẹnìkejì fún un. Ó sì lè lo ọdún 5 sí 10. Kì í ṣe ohun eré ọ̀sẹ̀ kan.

Ní àkókò náà, ọ̀rọ̀ afárá kẹrin, tí a fẹ́ fi so Yopougon pọ̀ mọ́ Plateau, ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Olúkúlùkù mọ̀ pé a ó wó ilé púpọ̀ ní Boribana nítorí rẹ̀. Mo bi ìyá onílé mi bóyá àsìkò nìyí láti gba ẹrù kún ẹrù. Ó ní, "Ọmọ mi, àwa tí a kò mọ ibi tí a óò sùn ní ọdún tí ń bọ̀, báwo ni a óò ṣe lé àlejò?"

Nígbà tí ó yá, ilé wọn wà lára àwọn tí a wó. Ìyá náà bá mi sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù láti ibi tuntun tí wọ́n kó lọ. Ó ní bí àwọn ti ń kó ẹrù, àgò ni ọmọ òun kọ́kọ́ gbé, ó fi ìró bò ó nítorí eruku, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Mo gbọ́ súfèé lẹ́yìn rẹ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀, n kò sì mọ̀ bóyá ti ọmọ ni tàbí ti ẹyẹ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí àlejò oníyẹ̀ẹ́ bá bà sí ẹ̀bá ilé yín, ẹ má ṣe tà á, ẹ má sì ṣe lé e lọ ní orúkọ òmìnira. Ẹ wá olówó rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ kọ́ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀, ẹ sì máa fẹ́ àwo rẹ̀ lójoojúmọ́. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa kú sóko ìwájẹ.