Ìmúrasílẹ̀ Ọ̀dọ́ fún Ìdánwò Eré Olórin

Àwọn kan a máa wí pé àṣà òyìnbó ni kí a kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, kí a dán ohùn, ẹsẹ̀ àti ìrántí wọn wò, kí a tó yan àwọn tí yóò ṣe eré olórin níwájú ìlú. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ ti òyìnbó níbẹ̀ kò ju tábìlì tí àwọn adánniwò jókòó tì àti ìwé tí wọ́n ń kọ máàkì sí lọ. Ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, ní Odò-Ọwá, ní Ìlọ́fà, ní Òsì àti ní àwọn ìlú Èkìtì yòókù tí ó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Kwárà, ìdánwò kan ti wà láti ayébáyé tí ó le ju èyí tí a ń ṣe nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé lọ.

Ẹpa ni à ń wí. Ère tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń gbé jó nínú ọdún yìí, igi kan ṣoṣo ni a fi ń gbẹ́ ẹ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ dé, ibẹ̀ ni orí ẹni tí ó rù ú ń wọ̀. Òkè rẹ̀ ni a gbẹ́ jagunjagun orí ẹṣin sí, tàbí abiyamọ tí ọmọ yí ká, tàbí ekùn tí ó ki ẹran mọ́lẹ̀. Ó lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4, àwọn mìíràn sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó wúwo ju pọ́ùn 50 lọ kò ṣọ̀wọ́n. Àgbègbè yìí náà ni ó bí àwọn àgbà agbẹ́gilére tí òkìkí wọn kàn dé òkè òkun: Areogun ará Òsì, àti Bámigbóyè, tí àwọn ìwé àtijọ́ ń pè ní Bámgbóyè ará Odò-Ọwá, tí ó kú ní nǹkan bí 1975. Ní 2022, ilé ọnà ti Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà fi odidi àfihàn kan bu ọlá fún iṣẹ́ Bámigbóyè. Ẹni tí ó bá wo irú ère bẹ́ẹ̀ nínú àpótí gíláàsì yóò yin ọwọ́ agbẹ́gilére, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tí ọrùn ọ̀dọ́mọkùnrin mọ̀.

Nítorí pé a kò gbẹ́ ère náà kí ó lè dúró jẹ́ẹ́. Ẹni tí ó rù ú gbọ́dọ̀ jó sí ìlù, lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ fò gun òkìtì kan tí ó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3, láì ṣubú, láì sì jẹ́ kí ère yẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ó bá gun ún láyọ̀, inú ìlú a dùn. Bí ó bá ṣubú, a kà á sí àmì búburú fún gbogbo ìlú. Ẹ ò rí i pé adánniwò ibẹ̀ kì í ṣe ènìyàn mẹ́ta tí ó mú bírò lọ́wọ́. Ìlú lódindi ni. Kò sì sí ẹni tí ó lè fi òru ọjọ́ kan kọ́ bí a ti í gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fò: agbára ẹsẹ̀ nìkan kò tó, etí gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìlù fẹ́ gbé e dé kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Ohun mẹ́ta tí olùdarí eré olórin ń wá lónìí, èyíinì ni ara tí ó gbọ́n, etí tí ó ń gbọ́ ìlù, àti ọkàn tí kì í já nígbà tí ojú bá pọ̀, ó wà nínú Ẹpa tán.

Nígbà tí eré orí ìtàgé dé, ìdánwò gba ọ̀nà mìíràn. Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945 ní Èkó. Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣòro fún un kì í ṣe ohùn tàbí ijó. Bí yóò ti rí ọmọbìnrin ni. Àwọn òbí kò fẹ́ kí ọmọ wọn bọ́ sórí ìtàgé, nítorí pé a ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí oníranù. Ògúndé ní láti polówó nínú ìwé ìròyìn pé akọ̀wé obìnrin ni òun ń wá, kí àwọn ọmọbìnrin tó yọjú. A lè fi èyí rẹ́rìn-ín lónìí, ṣùgbọ́n ìṣòro náà kò tíì tán. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí ohùn rẹ̀ dára ni kò dé ibi ìdánwò rárá, nítorí pé òkùnkùn ni ìfidánrawò ń parí, tí kò sì sí ẹni tí ó lọ bá bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Olùkọ́ tí ó ń ṣètò eré ní ìlú kékeré gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìmúrasílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé àwọn òbí. Kí ó lọ kí wọn, kí ó sọ ọjọ́ àti wákàtí, kí ó sì sọ ẹni tí yóò sin ọmọ wálé.

Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tí a bí ní Òkèmẹ̀sí ní 1925, jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé kí ó tó dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀ ní 1947. Ní 1962 ó lo oṣù mẹ́fà ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti múra eré tí a yọ láti inú ìwé Amos Tutùọlá nípa ọ̀mu ẹmu, èyí tí a ṣe lórí ìtàgé ní 1963. Ó yẹ kí a rántí oṣù mẹ́fà yìí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ẹ̀bùn nìkan ni eré. Ọkùnrin tí ó ti ń ṣeré fún ọdún 15 ṣì jókòó kọ́ iṣẹ́.

Dúró Ládiípọ̀ ní tirẹ̀ fi dùndún sínú orin Àjíǹde tí ó kọ fún ìjọ ní Òṣogbo ní 1961, ọ̀rọ̀ náà sì di àríyànjiyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ibẹ̀ ni ó ti kọjá sí Mbárí Mbáyọ̀, tí a ṣí ní 1962, àti sí *Ọba Kò So*, tí ó gbé dé Bẹ̀rlíìnì ní Jámánì ní 1964. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ ẹni tí ń múra ìdánwò ni pé ohùn tí a fi orin ìjọ kọ́ nìkan kò lè gbé irú eré bẹ́ẹ̀ dé ibi kan. Ó gba etí tí ó mọ ohùn ìlù, nítorí pé ohùn ìlù àti ohùn ọ̀rọ̀ ẹnu, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ibí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń kùnà láì mọ̀. Èdè Yorùbá ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Igba kì í ṣe igbá, igbá kì í ṣe igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, igbà kò sì jọ ìgbà. Bí orin bá ti ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, ìtumọ̀ ti bàjẹ́. Kí a mú gbólóhùn kékeré kan: "Ọkọ mi ra ọkọ̀." Àwọn olùkọ́ mọ̀ pé a lè fi dò, re, mí kọ ohùn rẹ̀: re re, re, re, re dò. Bí ẹni tí ó ṣe orin bá wá gbé sílébù ìkẹyìn sókè sí mí, ohun tí àwùjọ gbọ́ ni pé ọkọ́ ni ọkọ rà. Obìnrin tí ó ń fi mọ́tò tuntun yangàn lórí ìtàgé ti di ìyàwó àgbẹ̀, àwùjọ yóò sì rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Àléébù yìí wọ inú orin wa nígbà tí a ń túmọ̀ orin ìjọ sí Yorùbá, tí a sì fi ohùn orin àwọn òyìnbó sílẹ̀ bí ó ti wà. T. K. E. Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátídírà ti Èkó láti 1914 títí di 1962, rí ìṣòro náà, ó sì tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ṣì ń mú irú orin bẹ́ẹ̀ lọ sí ibi ìdánwò, nítorí pé òun ni wọ́n mọ̀ jù. Orin náà lè dùn, ṣùgbọ́n adánniwò kò ní lè mọ̀ láti inú rẹ̀ bóyá ọmọ náà mọ ọ̀rọ̀ í sọ nínú orin. Ó sàn kí ọ̀dọ́ mú orin ìbílẹ̀ kan tí a ń kọ ní agbolé rẹ̀, orin ìgbéyàwó, orin àlọ́ tàbí orin iṣẹ́ oko, nítorí pé nínú àwọn wọ̀nyí, ọ̀rẹ́ ni ọ̀rọ̀ àti ohùn orin.

Kò yẹ kí a sọ eléyìí di òfin líle. Nínú àwọn orin àtijọ́ pàápàá, ohùn orin a máa yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà ohùn ọ̀rọ̀, pàápàá nínú ègbè tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ dunjú. Ohun tí a kò gbọdọ̀ gbà ni kí ó yà níbi tí ìtumọ̀ gbọ́kàn lé. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti múra ni èyí: kí ọ̀dọ́ kọ ọ̀rọ̀ orin náà sórí ìwé, kí ó fi àmì ohùn sí i pátápátá, kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ bí ẹni tí ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó fi dò-re-mí pè é, lẹ́yìn náà ni kí ó tó kọ ọ́ lórin. Ibi tí ó bá ti rí i pé orin àti ọ̀rọ̀ ń jà, kí ó fàlà sí i, kí ó sì bi olùdarí léèrè. Olùdarí tí ó gbọ́n kò ní bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ohùn ni èémí. Ẹni tí ó dúró ṣinṣin kọrin lè tan ara rẹ̀ jẹ; kí ó jó ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ó tún orin náà kọ, yóò sì mọ bí òun ti tó. Kí ìfidánrawò rẹ̀ ní ilé rí bẹ́ẹ̀: ijó àti orin pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá parí ni a ti ń mí, a kì í mí láàárín ọ̀rọ̀.

Nípa ìtọ́jú ohùn, orógbó ni gbogbo akọrin ń jẹ. Kò burú, jíjẹ rẹ̀ a máa mú kí itọ́ sun, ọ̀fun a sì tutù. Ṣùgbọ́n orógbó kò lè tún ohùn tí a fi ariwo bàjẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ṣe. Omi, oorun àti ìdákẹ́jẹ́ ni oògùn. Kí a sì ṣàkíyèsí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n wà láàárín ọdún 12 sí 16. Ohùn wọn ń yí padà. Lónìí yóò tín-ín-rín, lọ́la yóò dún bí ti àgbàlagbà, yóò sì já lẹ́nu rẹ̀ láàárín orin. Àìṣòótọ́ ni kí adánniwò fi èyí já ọmọ kulẹ̀. Kí a fún un ní ọ̀rọ̀ sọ, tàbí kí a jẹ́ kí ó jó, títí ohùn rẹ̀ yóò fi jókòó. Ọmọ náà pẹ̀lú kò gbọdọ̀ fi agbára wá ohùn òkè tí ó ti fi í sílẹ̀.

Ó ku èdè. Ọmọ Odò-Ọwá tàbí Òsì tí ó dàgbà sínú èdè Èkìtì ń pe ilé ní "ulé", ó sì ń pe igbá ní "ugbá". Bí ó bá dé iwájú àwọn adánniwò, a máa gbìyànjú láti fi èdè ilé-ìwé bò ó mọ́lẹ̀, ẹ̀rù yóò sì bà á débi pé kò ní lè sọ èyíkéyìí dáadáa. Kí ó kọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò, nítorí pé òun ni a fi kọ ọ̀pọ̀ eré. Ṣùgbọ́n kí ó má gbàgbé èkejì. Nínú eré tí ìyá arúgbó Èkìtì kan bá wà, ọmọ tí ó lè sọ "ulé" láì tiraka sàn ju ọmọ ìlú ńlá mẹ́wàá tí ń sín in jẹ lọ. Ó tọ́ kí ó múra ọ̀rọ̀ kúkúrú kan sílẹ̀ ní èdè kọ̀ọ̀kan, kí ó sì sọ fún àwọn adánniwò pé òun ní méjèèjì.

Ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó dé ṣáájú àkókò, kí ó wọ aṣọ tí ẹsẹ̀ lè ká nínú rẹ̀, kí ó kí àwọn àgbà bí ó ti yẹ, kí ó sì dúró níbi tí yóò ti máa rí ojú onílù. Bí wọ́n bá ní kí ó tún un ṣe ní ọ̀nà mìíràn, kí ó má rò pé ó ti kùnà. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè gba ìtọ́ni ni. A kò lè yan gbogbo ènìyàn ṣe olùlé orin. Elégbè pọ̀ ju olùlé lọ nínú eré kọ̀ọ̀kan, ẹni tí a bá sì fi sí ègbè ní ọdún yìí ń gbọ́ gbogbo orin, ó ń rí gbogbo ẹsẹ̀ ijó, ó sì ń mọ ọ̀nà tí onílù fi ń pe òṣèré wọlé. Àwọn tí kò gbé Ẹpa ní ọdún kan náà wà nínú agbo, wọ́n ń kọrin tẹ̀lé ẹni tí ó gbé e títí dé ìdí òkìtì.